Ẹsẹ̀ Tó Wú Ti Lọ Sílẹ̀, Ìtọ́jú Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ni

Ká mú ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ẹni ọdún 58 ni. Ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bàtà òun kì í gba ẹsẹ̀ mọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ di òkè lójú rẹ̀; ó ní láti dúró lágbedeméjì kí èémí rẹ̀ balẹ̀ kó tó lè gun èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ni oorun di ogun. Ìrọ̀rí kan kò tó mọ́, ó di méjì, ó di mẹ́ta, títí tó fi ń jókòó sùn lórí àga, nítorí pé bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ó fẹ́ rì sínú odò. Aládùúgbò kan ní ó fẹsẹ̀ kó o lọ́jà ni. Òmíràn ní ikọ́ fée ni. Wọ́n se àgbo, wọ́n fi àdí ra ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ni tọ̀, ó tọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, kókósẹ̀ rẹ̀ ti yọ padà, ó sì ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Wọ́n kó oògùn lé e lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ sílé.

Ibi tí àwọn ẹbí máa ń rò pé ìtàn náà parí sí nìyẹn. Lóṣù kejì, ara ìyá ti yá gágá, oògùn tán, ó ní òun ò rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ le yóò fi máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ẹsẹ̀ tún fi wú. Ìyá yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àwọn dókítà ọkàn mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹní mowó, nítorí ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbà padà sọ́dọ̀ wọn, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

Àárẹ̀ ọkàn ni a ó máa pe àìsàn náà níhìn-ín. Orúkọ tó ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń já ènìyàn láyà, ó ń dún bíi pé ọkàn ti dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ, ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Nígbà tí àárẹ̀ bá mú un, ó ṣì ń lù, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde kò tó ohun tí ara ń béèrè mọ́. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ti fẹ̀, tó ti rọ bí àpò tó gbó. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ti gan, tí kò lè là dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ ráyè wọlé. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, ló ń fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá ńlá apá òsì ọkàn bá jẹ́ 100, ọkàn tó dá pé máa ń ti nǹkan bí 55 sí 70 jáde ní ìlù kan. Bó bá ti wálẹ̀ dé 40 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ọkàn náà ti rọ nìyẹn. Ó yẹ kí aláìsàn mọ nọ́ńbà rẹ̀ yìí bó ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí òun ni dókítà fi ń mọ oògùn tó tọ́ sí i.

Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ti lé ní 70 ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in, dídí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń fà á. Tiwa yàtọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 wo aláìsàn 1,006 ní ilé ìwòsàn ńlá 12 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9: ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò ju 52 lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ṣáájú nínú ohun tó kó bá wọn. Ní Abẹ́òkúta gan-an, ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, àwọn oníṣègùn ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí wọ́n dá dúró fún àárẹ̀ ọkàn. Nínú ẹni mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Àwọn abiyamọ kan tún wà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kẹ́yìn oyún tàbí láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́ ọmọ, tó ń san owó ilé ìwé ni àìsàn yìí ń mú lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ènìyàn lè máa bá ṣòwò, kó máa bá gbélé, fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí kì í tán bí ibà ṣe ń tán? Ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín bá dín kù, kíndìnrín kò mọ̀ pé ọkàn ló rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, bíi pé ènìyàn náà ṣèṣe tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀. Ó wá di iyọ̀ àti omi mú, kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ara tún tú èròjà ìdágìrì sínú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó ń mú kí àyà já nígbà tí a bá ṣàdédé rí ejò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ọkàn ń sáré. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ló dà lóòótọ́, ìrànlọ́wọ́ yìí ì bá gba ẹ̀mí là. Fún ọkàn tó ti rẹ̀, ó dà bí alábàárù tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n tún ń di ẹrù kún ẹrù rẹ̀, tí wọ́n sì ń nà án ní pàṣán pé kó sáré. Yóò sáré lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Omi tí kíndìnrín dì mú ló ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, òun náà ló ń kún ẹ̀dọ̀fóró lóru nígbà tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ìyá aláàdìrẹ, furosemide, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Lasix, ẹrù ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alábàárù. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tètè fúyẹ́. Àmọ́ kò gba pàṣán. Àwọn oògùn tó ń gba pàṣán yàtọ̀, wọn kì í sì í pariwo: aláìsàn lè lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má rí ìyàtọ̀ kankan. Síbẹ̀, àwọn gan-an ló ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rọ.

Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n. Enalapril àti lisinopril wà nínú ìkíní. Ní 1987 ni àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti Norway, Sweden àti Finland, tó fi hàn pé enalapril dín ikú kù láàárín àwọn tí tiwọn ti burú jáì. Ó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, dókítà sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n ẹni tó ń lò ó bá ṣàdédé wú, ọsibítù ni kó sáré gbà lọ lójú ẹsẹ̀; irú wíwú bẹ́ẹ̀ ń ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń gbèrò oyún kò gbọdọ̀ lò ó.

Ìtàn ìdílé kejì yẹ ní sísọ. Ní Gothenburg, lórílẹ̀-èdè Sweden, Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn méje ní oògùn tó ń dẹ eré ọkàn, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1975. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣègùn nígbà náà ni pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ ni: ọkàn tí kò lágbára, ẹ tún ní kó rọra? Ó ṣòro fún wọn láti gbà pé sísáré gan-an ló ń pa á. Ó di 1999 kí ìwádìí ńlá lórí bisoprolol àti metoprolol tó dá àwọn ará Gothenburg láre. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwádìí mìíràn tó ní aláìsàn 1,663 fi hàn pé spironolactone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, dín ikú kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdílé kẹta nìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni dapagliflozin àti empagliflozin. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ṣùgbọ́n láti 2019 ni ó ti hàn pé wọ́n ń ran ọkàn lọ́wọ́ kódà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá, wọ́n sì wúlò fún ọkàn tó gan pẹ̀lú.

Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn oògùn yìí, wọ́n á sì máa fi kún un. Ìwádìí kan tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 14 tó kópa nínú rẹ̀, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2022, pín aláìsàn 1,078 sí ọ̀nà méjì lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ọsibítù. Wọ́n gbé oògùn àwọn apá kan dé ìwọ̀n tó yẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ń pè wọ́n wá léraléra láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wọn wò. Wọ́n tọ́jú apá kejì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 180 fi pé, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún apá àkọ́kọ́ ló ti kú tàbí tó ti padà sí ọsibítù nítorí ọkàn. Ní apá kejì, ó lé ní 23. Nítorí náà, kì í ṣe àṣà lásán ni ọjọ́ tí dókítà dá fún aláìsàn pé kó padà wá. Ọjọ́ ìtọ́jú ni. Ẹni tó bá fi í jáfara nítorí pé ara ti yá ń fi ohun tó dára jù nínú ìwòsàn náà sílẹ̀.

Ìbéèrè ìyá aláàdìrẹ ṣì wà nílẹ̀: bí ara bá ti wá yá ńkọ́? Àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Royal Brompton ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè ohun kan náà. Wọ́n kó ẹni 51 jọ, tí ọkàn wọn ti fẹ̀ rí, tí oògùn sì ti dá wọn padà sípò. Kò sí àmì àìsàn lára wọn mọ́, àwòrán ọkàn wọn dára. Wọ́n rọra ń yọ oògùn kúrò lọ́wọ́ apá kan, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, nínú ẹni 25 tí wọ́n yọ oògùn lọ́wọ́ wọn, àìsàn ti padà sára 11. Nínú àwọn tó ń lo tiwọn lọ, kò padà sára ẹnì kankan. Ní 2019 ni àbọ̀ yìí jáde. Ẹ wo ohun tó sọ: ara àwọn ènìyàn yìí yá lóòótọ́, oògùn ló sì gbé yíyá náà dúró. Kíndìnrín kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, pàṣán sì wà nítòsí.

Ohun tó kù, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ìyá ti jí, ó ti tọ̀, kò tíì fẹnu kan nǹkan. Ó gun òṣùwọ̀n tó wà lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìsùn kan náà tó wọ̀ lánàá ló sì wà lára rẹ̀. Kílò 71.4. Ó fi báírò kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri, lábẹ́ 71.2 ti àná. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ó rọra ka ení, èjì, dé àárùn-ún, ó wá ká ọwọ́ kúrò. Bí ibẹ̀ bá padà sípò, ó dára. Bí ihò bá kù níbẹ̀ bí ẹni tẹ iyẹ̀fun tí wọ́n pò, omi ti ń kó jọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Lítà omi kan, kílò kan ni. Nítorí náà, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi ohun tó ju kílò méjì lọ pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe pé ó sanra. Omi ni, ó sì yẹ kó pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹsẹ̀ tó wú, kí oorun tó di ogun. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtọ́jú yìí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń tètè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, ìkòkò ọbẹ̀ ló kàn. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí iyọ̀ òòjọ́ má ju gíráàmù márùn-ún lọ, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan fún gbogbo ohun tí ènìyàn jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé àwọn kì í jẹ iyọ̀, nígbà tí Mági mẹ́ta wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n sè. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, ó pọ̀ nínú àpò èròjà amọ́bẹ̀dùn tó wà nínú Indomie, ó wà nínú ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí kó má bàa bàjẹ́. Kán-ún tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà àti ewédú ní sódíọ́ọ̀mù bíi ti iyọ̀. Ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ẹ̀fínrín àti irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí lè gbé ọbẹ̀ dúró. Ahọ́n ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ́ ọn lára. Kò dára kí wọ́n máa se ìkòkò ọ̀tọ̀ fún aláìsàn bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kí gbogbo ilé jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú ìyá kò jìnnà sí àwọn ọmọ. Ohun kan ló yẹ ká ṣọ́ra fún: àwọn iyọ̀ àfirọ́pò kan kún fún potásíọ́ọ̀mù, bí ẹni tó ń lo spironolactone tàbí lisinopril bá sì ń bù wọ́n sọ́bẹ̀, potásíọ́ọ̀mù lè ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi tí yóò da ìlù ọkàn rú.

Ewu kan tún wà tí kò jọ ewu rárá. Orúnkún ń ro ìyá, ó yà ní kẹ́míìsì, wọ́n di diclofenac tàbí ibuprofen fún un. Oògùn ara ríro méjèèjì yìí ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú, iṣẹ́ náà gan-an tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó tún wú ló bẹ̀rẹ̀ láti orí káńtà kẹ́míìsì. Paracetamol ló sàn díẹ̀, kí dókítà sì mọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó: kíndìnrín ẹni tó ń lo oògùn wọ̀nyí kò láàyè fún ìdánwò. Kì í ṣe pé a ń tàbùkù ewé àti egbò. Láti ara ewé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oògùn ọkàn tó ń jẹ́ digitalis ti wá, William Withering sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1785. Ohun tó tẹnu mọ́ jù nínú ìwé náà ni ìwọ̀n, nítorí pé ewé tó ń wo ọkàn yẹn kan náà ló ń pa ènìyàn bó bá pọ̀ jù.

Ìrìn lójoojúmọ́ dára fún ọkàn tó ti rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ara bá ti balẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó di ogún, débi tí ènìyàn ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀, yálà ti Ramadan tàbí ti Lẹ́ńtì, kó lọ bá dókítà kí oṣù tó lé, kí wọ́n tún àkókò oògùn tò. Kí ó má kàn fúnra rẹ̀ fò ó.

Owó ni ìṣòro tó le jù, kò sì yẹ kí a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà fi ń ra oògùn, oògùn tí wọn yóò sì máa rà títí ayé kò dà bí owó abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ń gé hóró kan sí méjì, tàbí kí wọ́n lò ó lónìí kí wọ́n fò ó lọ́la, wọn kò sì ní sọ fún dókítà nítorí ìtìjú. Ìtìjú yẹn ń pa ènìyàn. Dókítà tó mọ̀ pé owó kò tó lè yan èyí tí kò wọ́n nínú ìdílé kan náà: lisinopril, spironolactone àti furosemide ti pẹ́ lọ́jà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe wọ́n, owó wọn kò sì tó ti àwọn tuntun. Kí a lo mẹ́ta tí agbára ká lójoojúmọ́ sàn ju kí a lo mẹ́rin fún oṣù kan kí a sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Òfin adójútòfò ìlera tuntun ti wà ní Nàìjíríà láti 2022, èyí tó ní kí gbogbo ará ìlú wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá máa wúlò fún ìyá aláàdìrẹ, àfi kí oògùn oṣooṣù wà nínú ohun tó ń san, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nìkan.

Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ti gba ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn rí, ẹ má ṣe bi í bóyá ara ti yá. Ẹ ní kó gbé páálí oògùn rẹ̀ jáde, kí ẹ jọ ka hóró tó kù nínú rẹ̀. Bí kò bá ní tó ọ̀sẹ̀ kan mọ́, ẹ bá a rà á lónìí.